Ohun tí a fi ń fọ ojú búlọ́ọ̀kù kí a tó de tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì: èwo ló yẹ ní rírà fún Camry 2AZ?

Ohun mẹ́rin ni wọ́n máa ń gbé síwájú ẹni tó bá wá ra nǹkan tí yóò fi fọ ojú búlọ́ọ̀kù kí ó tó de tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun (èyí tó ń wà láàárín búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà): dísíìkì onírun tí ẹ̀rọ ń yí, oògùn gásíkẹ́ẹ̀tì inú agolo, abẹ tí a ń fi ọwọ́ tì, àti sáńpépà. Ẹ́ńjìnnì tí àyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni 2AZ-FE ti Toyota, lítà 2.4, èyí tó wà nínú Camry Big Daddy, nínú Camry Muscle títí dé ọdún 2009, àti nínú ọ̀pọ̀ RAV4 àti Highlander tó ń rìn lójú títì wa. Ìdí tí a fi mú un ni pé aluminíọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, irin líle sì ni ọ̀wọ́ sìlíńdà (páìpù tí píṣítìnì ń rìn nínú rẹ̀) tí wọ́n rì sínú rẹ̀. Irinṣẹ́ tí kò lè ṣe búlọ́ọ̀kù onírin ní nǹkankan lè ba tirẹ̀ jẹ́ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ìdájọ́ wa rèé kí ẹ tó kà á lọ: oògùn àti abẹ ni kí ẹ náwó lé. Ẹ má ṣe gbé dísíìkì dé ojú búlọ́ọ̀kù aluminíọ̀mù tó ṣì wà nínú mọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà lójú búlọ́ọ̀kù náà gan-an, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí Toyota ṣe fún 2AZ kì í ṣe pépà. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n sì fi rọ́bà dúdú tín-ín-rín bo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀pù sìlíńdà kúrò, gásíkẹ́ẹ̀tì náà yóò sábà bá a ṣí lódindi. Ohun tó máa ń kù kò ju mẹ́rin lọ: àwòrán rọ́bà dúdú níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, èédú ọ́ìlì tó gan mọ́ etí ihò sìlíńdà, ìpẹ́ funfun yí ihò omi ká, àti gọ́ọ̀mù dúdú níwájú níbi tí kọ́fà ṣéènì ti pàdé búlọ́ọ̀kù. Kò sí èyí tó nípọn tó ohun tí èèyàn ń gbé ẹ̀rọ sí. Nígbà ayé Peugeot 504 ni gásíkẹ́ẹ̀tì oníkòró (irú àtijọ́ tó jẹ́ òwú tí wọ́n tẹ̀ pọ̀) máa ń lẹ̀ mọ́ irin bí ẹni pé wọ́n sè é mọ́ ọn, ibẹ̀ ni àṣà fífi agbára fá a ti wá. Ẹni tó bá ra gásíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú oníkòró fún 2AZ náà lè rí irú rẹ̀ nígbà tó bá tún tú u, ṣùgbọ́n ojúlówó kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì irin ń fẹ́ ojú tó dán. Rọ́bà tó wà lára rẹ̀ tín-ín-rín, kò lè dí ìlà jíjìn tí èèyàn bá fi nǹkan fà sójú aluminíọ̀mù. Àwọn tó ń ṣe irú gásíkẹ́ẹ̀tì yìí sábà máa ń béèrè fún ojú tí àìdán rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.8 maikirọ́mítà Ra lọ (Ra ni ìwọ̀n bí ojú irin ṣe rí gbágungbàgun sí), nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì oníkòró àtijọ́ lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láì jò. Torí náà kì í ṣe kí ojú ibẹ̀ funfun nìkan là ń wá. Kí ó mọ́, kí ó tẹ́jú, kí ìlà kankan má sì ti inú ihò omi lọ dé etí sìlíńdà.

Dísíìkì onírun ni kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló ń fa ojú àwọn mẹkáníìkì mọ́ra jù. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni Roloc Bristle ti 3M: rọ́bà roboto kékeré tó ní irun kúkúrú káàkiri, tí yanrìn líle wà nínú irun kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ rẹ̀ mẹ́ta ni: ewéko ló mú jù, ipele 50, fún irin, pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń pè ní yẹ́lò jẹ́ 80, funfun jẹ́ 120, òun sì ni wọ́n ń tà fún aluminíọ̀mù. Ó ń lọ lára ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ yá, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ojú búlọ́ọ̀kù á máa tàn yanran. Dídán yẹn ló ń tan èèyàn jẹ.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé dísíìkì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti búlọ́ọ̀kù. Bó bá dúró sí ojú kan ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń jẹ aluminíọ̀mù. Ibi tó sì burú jù nínú 2AZ ni ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín sìlíńdà kan àti èkejì. Fífẹ̀ ihò sìlíńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 88.5 mm, nítorí náà ilẹ̀ tó kù láàárín wọn kéré gan-an, ibẹ̀ gan-an sì ni iná ti máa ń wá ọ̀nà gbà kọjá. Dísíìkì tó bá kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta á ti fa ibẹ̀ wọnú díẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀wọ́ sìlíńdà jẹ́ irin líle, ohun tó yí i ká sì jẹ́ aluminíọ̀mù tó rọ̀. Dísíìkì á jẹ aluminíọ̀mù, á fi irin sílẹ̀. Bí ẹ bá fi èékánná ra láti orí irin bọ́ sórí aluminíọ̀mù lẹ́yìn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ kí èékánná yín bọ́ sílẹ̀ tẹ́kẹ́. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ti jókòó sórí irú ibẹ̀, etí irin ni gbogbo agbára bọ́ọ̀tì ń lọ, àyíká ihò omi kò ní rí ìtẹ̀ gbà. Mọ́tò á máa mu omi díẹ̀díẹ̀, oníṣẹ́ á sì máa sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà fún òun ni kò dára.

Ìdí kejì wúwo ju èyí lọ. Yanrìn inú irun dísíìkì náà, aluminíọ̀mù ọ́kísáìdì, máa ń já dànù bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó kúnná bí ẹ̀tù, ó sì le ju irin kíráǹkì lọ, ọ̀pá tí píṣítìnì ń yí. General Motors ní Amẹ́ríkà ti fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ láti àwọn ọdún 2000 wá pé kí wọ́n má fi dísíìkì oníyanrìn fọ ojú gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, torí yanrìn yìí ń wọ inú ọ́ìlì, ó sì ń pa béárìnì, ìbùsùn tí kíráǹkì ń yí lórí rẹ̀. Àwọn kan á ní fílítà á mú un. Ẹ wo ojú búlọ́ọ̀kù dáadáa: ihò ọ́ìlì kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ọ́ìlì gòkè lọ sí tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Ọ́ìlì tó ń gba ibẹ̀ ti kọjá fílítà kó tó dé ibẹ̀. Yanrìn tó bá jábọ́ sínú ihò yẹn ti wà lẹ́yìn fílítà, inú ọ̀nà ọ́ìlì tó ń lọ síbi béárìnì ló bọ́ sí tààrà. Béárìnì rọ̀, yanrìn á rì sínú rẹ̀, á wá dúró síbẹ̀ máa gé kíráǹkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá nọ́ọ̀kì lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tí yóò rántí dísíìkì mọ́.

Wáyà tí wọ́n ń so mọ́ fáílìn mọ̀ṣíìnì, a ò ní fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Ó ń ṣe gbogbo ohun tí dísíìkì ń ṣe, ó tún ń já irun irin sínú ẹ́ńjìnnì kún un. Ẹ má fi kan ojú gásíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Oògùn inú agolo ló kàn. Permatex Gasket Remover ni wọ́n mọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ó ń jẹ rọ́bà àti gọ́ọ̀mù, kì í jẹ aluminíọ̀mù. Bí a ṣe ń lò ó ni pé kí ẹ fọ́n ọn sórí àsọ kékeré tàbí búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi í lé ibi tí rọ́bà dúdú wà, kí ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Rọ́bà náà á wú, á hunjọ, ẹ ó rí i pé ó ń ṣí kúrò lára irin fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fá a. Bí ó bá kù, ẹ tún un fi lẹ́ẹ̀kan sí i dípò kí ẹ fi agbára kún un. Ẹ má fọ́n ọn tààrà láti agolo sórí búlọ́ọ̀kù, á ṣàn wọ ihò bọ́ọ̀tì, á sì kan páìpù rọ́bà, wáyà àti ọ̀dà mọ́tò, gbogbo wọn ló ń bà jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ ṣe é níta gbangba. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, bí ó bá sì kan ara, ó ń jó ni.

Ohun tí oògùn náà kò lè ṣe ni èédú àti ìpẹ́ funfun. Ìpẹ́ yẹn pọ̀ lára mọ́tò tí wọ́n ń fi omi lásán kún rédíétọ̀ rẹ̀ dípò kúláǹtì, torí omi lásán ń jẹ aluminíọ̀mù létí ihò omi. Abẹ ló ń mú ìyẹn kúrò.

Àwọn ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì wa máa ń fi epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì rọ́pò oògùn. Kẹrosíìnì ń fi ọ̀rá sílẹ̀, bẹntiróòlù sì ń gba iná kíákíá, kò sì jẹ rọ́bà gásíkẹ́ẹ̀tì dáadáa. Tínà sàn jù wọ́n lọ, asẹ́tóònù sì sàn ju tínà lọ fún nínù ìkẹyìn. Fún nínù ìkẹyìn yìí, ọṣẹ bíréèkì inú agolo náà dára, àfi kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára agolo náà. Èyí tó bá ní kúlórínì nínú kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí iná tàbí ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dà, torí ooru ń sọ èéfín rẹ̀ di májèlé tó lè pa èèyàn.

Abẹ la fi ipò kìíní fún. Kì í ṣe bléèdì háksọ̀, èyí tí eyín rẹ̀ ń fa ìlà gígùn sójú aluminíọ̀mù. Kì í ṣe sukurudíráfà. Abẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi bọ inú ìdìmú irin ni a ní lọ́kàn, irú tí àwọn tó ń fá ọ̀dà kúrò lára gíláàsì ń lò. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, abẹ rẹ̀ sì ń wá nínú páálí. Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ àwọn kan ni pé wọ́n gbé e ga jù. Bí ẹ bá gbé abẹ sókè, igun rẹ̀ ni yóò wọ aluminíọ̀mù, á sì gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan búlọ́ọ̀kù, kí ẹ wá máa tì í síwájú jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ kò ní gbọ́ ariwo irin, rọ́bà á kàn máa ká jọ níwájú abẹ ni. Bí abẹ bá ti ń fo tàbí ó ń kígbe, ó ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ abẹ lò máa ń san owó rẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù.

Abẹ pílásítíìkì wà pẹ̀lú, òun ló tọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gún. Kò lè gbẹ́ aluminíọ̀mù rárá. Ṣùgbọ́n láì sí oògùn, kò ní mú nǹkankan kúrò, ó sì máa ń tètè kú létí. Fún gọ́ọ̀mù dúdú iwájú ibi kọ́fà ṣéènì, òun gan-an ni a fẹ́ràn jù, torí gọ́ọ̀mù yẹn rọ̀, ibẹ̀ sì kún fún etí tí irin lè fọ́.

Kí abẹ tó kan búlọ́ọ̀kù, ẹ dí gbogbo ihò. Ẹ yí kíráǹkì títí píṣítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi wà ní gíga kan náà, ní àárín ihò wọn. Ẹ ra gíríìsì sí etí píṣítìnì kọ̀ọ̀kan yípo kí ìdọ̀tí má bàa bọ́ sórí ríìngì, kí ẹ wá fi àkísà tí kò ń já òwú dí ihò sìlíńdà. Ẹ fi téèpù bo ihò omi àti ihò ọ́ìlì. Ihò ńlá iwájú níbi tí ṣéènì ń gbà ṣubú wọ páànù ọ́ìlì tààrà, ibẹ̀ ni àkísà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn jù. Nígbà tí ẹ bá ń yọ àkísà, ẹ ká a láti etí wọ àárín kí ìdọ̀tí má dà, kí ẹ sì nu gíríìsì kúrò pátápátá pẹ̀lú ìdọ̀tí tó ti mú. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ ojú búlọ́ọ̀kù ṣáájú ìyẹn. Ńṣe ló ń tì í wọ inú.

Nígbà wo ni ó tó? Ẹ fi asẹ́tóònù tutù àsọ funfun, kí ẹ nu ojú búlọ́ọ̀kù láti ìkángun kan dé ìkejì. Bí àsọ náà bá ṣì ń dúdú, iṣẹ́ ò tíì parí. Bí ó bá jáde ní funfun, tí àwòrán gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì ń hàn fírífírí lójú irin, ìyẹn kò burú. Àwọ̀ lásán kì í jò. Ohun tí èékánná kò gbọ́ kò lè ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì ní nǹkan. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dẹ́ṣẹ̀, wọ́n á máa lépa àwọ̀ yẹn títí wọn yóò fi jẹ irin.

Ihò tí ipata jẹ lẹ́bàá ihò omi yàtọ̀. Ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé búlọ́ọ̀kù, kí ẹ wo ibi tí ìlà tó yọ sókè lára rẹ̀ yóò jókòó sí. Bí ihò ipata bá wà níta ìlà yẹn, ẹ lè fi í sílẹ̀. Bí ó bá gba abẹ́ ìlà náà kọjá, kò sí fífọ̀ tó lè tún un ṣe, búlọ́ọ̀kù yẹn ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́ lórí mọ̀ṣíìnì. Gọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń fi dí irú ihò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì irin kò ní dúró, á sì gba ìtẹ̀ kúrò lójú ibòmíràn.

Sáńpépà ní ibi tó ti wúlò, kò kàn wúlò lójú búlọ́ọ̀kù tó wà nínú mọ́tò ni. Yanrìn ni òun náà. Lórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà tí ẹ ti gbé sórí tábìlì, ẹ lè wé sáńpépà olómi 400 mọ́ igi irin tó tẹ́jú dáadáa, kí ẹ fi ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tutù ú, kí ẹ gbé e kọjá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ibi gíga á tàn, ibi tó wọnú á dúdú, ẹ ó sì mọ ibi tí wàhálà wà. Ẹ lè wá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ tọ́ọ̀pù náà, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀ gbẹ. Búlọ́ọ̀kù tó wà nínú mọ́tò, báwo lẹ ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́? Ìyàtọ̀ wọn nìyẹn. Àti pé sáńpépà kò lè tún ojú tó ti tẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán, láìsí irin lẹ́yìn rẹ̀, pa á mọ́ ọn, ó ń sọ ibi tó tẹ́jú di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni.

Irinṣẹ́ tí a kò lè ṣe láìní ni straight edge (igi irin tó tọ́ gan-an tí a fi ń wo bóyá ojú tẹ́jú) àti feeler gauge (àwọn abẹ́rẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo). Straight edge náà gbọ́dọ̀ gùn tó 60 cm fún 2AZ, kí ó sì jẹ́ irin tí wọ́n ṣe fún wíwọn, irú ti Starrett. Ojú igi rúlà káfíńtà tàbí irin áńgù kì í tọ́ tó. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ gbé e lé gíláàsì nípọn, kí ẹ wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ tún wò ó. Lójú búlọ́ọ̀kù, ọ̀nà mẹ́fà ni à ń gbé e sí: méjì ní gígùn, méjì ní ìbú, méjì láti igun dé igun, kí ẹ tún wá kọjá láàárín sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ààyè tí Toyota fún 2AZ jẹ́ 0.05 mm péré. Bí abẹ́rẹ́ 0.05 bá wọlé níbikíbi, búlọ́ọ̀kù náà ti tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé Toyota ní kí a pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa wọ́n sábà máa ń lọ̀ ọ́ ni. Ẹ yẹ tọ́ọ̀pù wò lọ́nà kan náà, torí òun ló máa ń tẹ̀ jù nígbà tí mọ́tò bá gbóná rékọjá.

Ẹ wá gbọ́ nípa ihò bọ́ọ̀tì, torí nínú 2AZ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí ojú búlọ́ọ̀kù ti mọ́ tán. Bọ́ọ̀tì 10 ló de tọ́ọ̀pù sìlíńdà mọ́lẹ̀, tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn jẹ́ M11 (fífẹ̀ 11 mm) tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm, inú aluminíọ̀mù ni wọ́n sì ti ń di mú. Lára àwọn búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, tẹ́rẹ́ẹ̀dì náà kúrú, kí Toyota tó mú un jìn sí i. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn, lápá ògiri iná (ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó mọ́tò), láàárín, ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló jó, bọ́ọ̀tì ni kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Torí náà nígbà tí ẹ bá ń tú bọ́ọ̀tì, ẹ fi ọwọ́ gbọ́ ọ: èyí tó bá rọ̀ ju àwọn yòókù lọ, tàbí tó bá fà tẹ́rẹ́ẹ̀dì aluminíọ̀mù jáde yíká ara rẹ̀ bí okùn wáyà, ẹ sàmì sí ihò rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní wo ihò bẹ́ẹ̀ sàn. Time-Sert ń ta ohun èlò M11 x 1.5 tí wọ́n ń fi gbẹ́ ihò náà gbòòrò kí wọ́n tó rì tẹ́rẹ́ẹ̀dì irin sí i. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Bí ẹ bá ń ṣe ihò kan tó ti yọ, ẹ ṣe gbogbo ọ̀wọ́ ẹ̀yìn pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ, irinṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, ìdí nìyí tí ohun èlò tó ní àwo ìtọ́sọ́nà fi sàn ju èyí tí kò ní.

Fún ihò tó bá ṣì dára, ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni ọ̀tá. Ẹ má fi táàpù tí ń gé irin wọ ọ́, á gé aluminíọ̀mù kúrò lára tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó ti ń sẹ́ tẹ́lẹ̀. Táàpù tí wọ́n ṣe fún títún tẹ́rẹ́ẹ̀dì ṣe lásán ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ẹ mú bọ́ọ̀tì àtijọ́ kan tí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pé, kí ẹ fi háksọ̀ la ìlà mẹ́rin ní gígùn lára rẹ̀, kí ẹ fi fáìlì nu etí rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i wọlé. Ìdọ̀tí á kó sínú àwọn ìlà náà. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tún yí i wọ ọ́, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ láì le.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ wá ní iṣẹ́. Ẹ fi àkísà bo ihò, kí ẹ fẹ́ ẹ, torí omi á ta sókè sójú. Ihò wọ̀nyí kò já síta nísàlẹ̀. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá kù nínú rẹ̀, bọ́ọ̀tì tó ń wọlé á há a mọ́, omi kò ní lè fún pọ̀, búlọ́ọ̀kù ni yóò sán. Bí kò bá tilẹ̀ sán, tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì á ké nígbà tí bọ́ọ̀tì kò tíì di gásíkẹ́ẹ̀tì mú, ẹ ó sì rò pé ó ti le. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ wé àsọ mọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan wò. Bó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ lọ sí èkejì.

Ìyókù yá. Gásíkẹ́ẹ̀tì irin ń lọ lójú ní gbígbẹ, láìsí gọ́ọ̀mù lójú rẹ̀. Ẹ wọn gígùn bọ́ọ̀tì: ti tuntun wà láàárín 161.3 àti 162.7 mm, èyí tó bá ti ju 164.2 mm lọ ti nà, ẹ jù ú nù. A tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ ra tuntun. Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ ra tẹ́rẹ́ẹ̀dì àti abẹ́ orí bọ́ọ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ìkángun, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù, ẹ kọ́kọ́ mú gbogbo wọn dé 70 Nm, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sórí wọn, kí ẹ wá yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígírì 90 sí i. Bọ́ọ̀tì tó bá kàn ń yí láì le sí i nínú ìyípo ìkẹyìn yìí ti fa tẹ́rẹ́ẹ̀dì yọ, ó ti di iṣẹ́ Time-Sert nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ rò pé á gbà á.

Lórí owó: bí ẹ kò bá lè ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ra abẹ, ìdìmú rẹ̀ àti asẹ́tóònù lákọ̀ọ́kọ́, oògùn tẹ̀ lé e, kí ẹ yá straight edge lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Ní Ládípọ̀ ní Èkó àti Gate ní Ìbàdàn, ẹ ó rí agolo oògùn tó ti pẹ́ lórí selífù. Ẹ mì í létí, kí ẹ wo ìdí agolo fún ipata àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, torí èyí tó ti sọ agbára nù kì í mú rọ́bà wú, ẹni tó rà á á sì padà sórí dísíìkì.

Ní ti dísíìkì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun ìdọ̀tí. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà tí wọ́n ti tú gbogbo ohun inú rẹ̀, tó sì ń lọ sínú omi ọṣẹ gbígbóná lẹ́yìn náà, lè gba ti funfun níbi tí kì í ṣe ojú gásíkẹ́ẹ̀tì irin, bí ẹgbẹ́ ibi tí páìpù èéfín ti ń dé. Búlọ́ọ̀kù HiAce àtijọ́ bíi 2RZ jẹ́ irin, kò ní jẹ kíákíá bí aluminíọ̀mù, ṣùgbọ́n yanrìn rẹ̀ ṣì ń jábọ́ sínú ọ́ìlì bí búlọ́ọ̀kù bá wà nínú mọ́tò. Tí ẹnikẹ́ni bá ti lò ó lójú ẹ́ńjìnnì yín kí ẹ tó mọ̀, ẹ tú páànù ọ́ìlì, kí ẹ fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti àsẹ́ tí ń fa ọ́ìlì, kí ẹ fọ́n ọṣẹ wọ ihò ọ́ìlì ojú búlọ́ọ̀kù títí yóò fi jáde ní mímọ́, kí ẹ fi ọ́ìlì àti fílítà tuntun sí i, kí ẹ sì tún pààrọ̀ méjèèjì lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti rìn díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń yọ fílítà àkọ́kọ́ yẹn, ẹ gé e, kí ẹ tẹ́ pépà inú rẹ̀ sójú oòrùn. Bí eérú tó ń dán bá wà nínú àwọn ìṣẹ́po rẹ̀, ẹ tú ìbòrí béárìnì kan wò kí ẹ tó gbé mọ́tò náà jáde.